Àárọ̀ Ni Tèmi, Ìrọ́lẹ́ Ni Ti Ajóà

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé omi ti yí ọkàn rẹ ká, tí o jókòó tí o ń wo ilẹ̀, sún mọ́ mi díẹ̀. Èmi náà ti wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n la àyà mi, wọ́n rán an padà, mo sì wà láàyè lónìí tí mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí. Mi ò ní tàn ọ́ pé kò ní dùn ọ́. Ó máa dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nípa àárọ̀ àti ìrọ́lẹ́ tí mo fẹ́ kí o gbọ́, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tó kàn mí.

Mòríámọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá àti ìyá mi, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ní Dichemso, níbi tí bàbá mi ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Alfa ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá mi ti kú kí n tó lọ́kọ. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọkọ mi, Bàbá Ṣèfíù, ń tún rédíò ṣe ní Adum, ó sì lè tú rédíò palẹ̀ kó tún un tò kí tíì inú ife rẹ̀ tó tutù. Ọdún tí mò ń sọ yìí kò jìnnà sí 1990. Ṣèfíù, ọmọ wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ di ògiri mú rìn ni.

Bàtà ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Ní ìrọ́lẹ́ ọjọ́ kan, bàtà tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kò gba ẹsẹ̀ mi mọ́. Mo rò pé ìjókòó pípẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni èémí bẹ̀rẹ̀ sí í kù díẹ̀. Bí mo bá gbé garawa omi láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, màá dúró, màá ṣe bí ẹni tó ń tún ìró ró, kí ará ilé má baà rí i pé èémí ni mò ń wá. Nígbà tó yá, mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Mo di ẹni tó ń sùn níjòókòó, tí ó fẹ̀yìn ti ògiri bí èrò inú ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé àìsàn náà kì í bá mi jí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ tó wú á ti rọ̀, èémí á tún já geere, màá sì máa fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mòrí, ọ̀lẹ lásán ni ọ́." Màá wẹ̀, màá múra, màá gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Tó bá di ìgbà ìrun àlàásárì, tí oòrùn ti rọlẹ̀, àìsàn náà á tún padà wá bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ní àkókò yẹn, ta ló máa lọ sí ilé ìwòsàn? Àwọn tó ń gba káàdì ti palẹ̀ mọ́. A ó ní ká jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ á mọ́, ara mi á yá, a ó tún gbàgbé. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Kì í ṣe pé ilé kò ṣe nǹkan kan o. Bàbá mi kọ hàǹtú fún mi, ó fi omi fọ àwọn ẹsẹ Kùránì tó kọ sórí wàláà, mo sì ń mu ún lójoojúmọ́. Ìyá ọkọ mi ń se àgbo èèpo igi kan tó korò débi pé etí mi ń hó. Wọ́n ní kíkorò rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Nígbà tí àìsàn náà kò gbọ́, wọ́n ní ojú ayé ló wà lára mi, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìlọrin, pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ̀ nípa rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi hàǹtú yìí parí oṣù," ni bàbá mi wí. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń gbé sílẹ̀ láàárín ọ̀nà."

Mo ń gbọ́ ti gbogbo wọn. Mo ń mu ti apá ọ̀tún, mo ń mu ti apá òsì, àyà mi sì ń fún síbẹ̀.

Ní ọ̀sán kan, mo ṣubú lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi lójú. Bàbá Ṣèfíù gbé mi wálé, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara mi tún yá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mo sì ń wá bàtà ṣọ́ọ̀bù. Ó gba bàtà náà lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Ṣèfíù," ó ní, "àárọ̀ yìí ló ń tàn ẹ́. Ara ẹ yá báyìí, àbí? Ara yíyá yẹn la máa fi lọ."

Mo fẹ́ kí o rántí gbólóhùn yẹn. Ìgbà tí ara rẹ yá ni kí o lọ, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tó máa wò ọ́ wà níbẹ̀, tí ojú wọn sì mọ́.

Àwọn tó ti dé ilé ìwòsàn náà ṣáájú wa pọ̀ bí eṣú. Nígbà yẹn, ẹni tí kò lè dúró lórí ìlà á fi nǹkan dí àyè rẹ̀. Wàá rí òkúta, sílípáàsì, igbá, gbogbo wọn tò lọ gbọọrọ, àwọn tó ni wọ́n á sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Kẹ́tù tí bàbá mi fi ń ṣe àlùwàlá ni mo mú dání, òun ni mo fi dí àyè mi. Abọ́ amọ̀ dúdú kan ló wà níwájú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní asanka, tí wọ́n fi ń lọ ata.

"Sista," ni ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìn, "kẹ́tù yín ń ti abọ́ mi o. Ẹ sọ fún un kó ní sùúrù, gbogbo wa la jọ ń ṣàìsàn."

Ajóà nìyẹn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ìyá rẹ̀ ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Ayigya, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń jẹ fùfú. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti mú abọ́ náà wá. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, mo rí i pé ó wú bíi tèmi. Òun náà wo tèmi. A jọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gba èémí lẹ́nu àwa méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún wa. Kòkòrò ikọ́ fée ló wọ inú awọ tó bo ọkàn wa, ó sì ń da omi síbẹ̀. Omi náà ló ń fún ọkàn pa mọ́ inú ilé rẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi náà, ara fúyẹ́, ṣùgbọ́n omi náà tún padà. Wọ́n ní ó di dandan kí wọ́n la ojú fèrèsé kékeré sára awọ náà, kí omi lè máa rí ibi bá jáde. Dókítà tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ga fíofío, àwa aláìsàn sì sọ ọ́ ní Dókítà Tenten, nítorí ohun tí wọ́n ń pe gígùn nìyẹn lédè Twi. Ó mọ̀ pé a sọ òun bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ wọlé, á kọ́kọ́ tẹ orí, gbogbo wọ́ọ̀dù á sì rẹ́rìn-ín.

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bẹ́ẹ̀dì èmi àti Ajóà kángun síra wọn. Mò ń ṣàárò ọmọ mi, mò ń ṣàárò ohùn àwọn ọmọ kéwú bàbá mi tó máa ń jí mi, mò ń ṣàárò kí n kàn fi ẹ̀yìn mi lélẹ̀ kí n sùn bí èèyàn. Ajóà ń ṣàárò fùfú ìyá rẹ̀ àti kíláàsì tí wọn kò tíì fún un. Ó bi mí pé kí ni a ń pè é lédè tiwa, nígbà tí ọkàn èèyàn bá ń fà sí ẹni tí kò sí nítòsí. Mo ní, "Àárò." Ó tún bi mí bí a ṣe ń kí èèyàn tí ilẹ̀ bá mọ́. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀."

Ǹ bá má kọ́ ọ ní méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á na ọrùn sí mi, á ní, "Ẹ káàárò, Mòrí!" Bí ẹni pé ó ń kí mi kú ìṣàárò. Tí ọ̀rọ̀ ilé bá sì dé, á ní, "Àárọ̀ màmá mi ń sọ mí."

"Àárò ni, Ajóà. Àárọ̀ ni ti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́."

"Daabi," ó ní, ìyẹn rárá lédè wọn, "ẹ̀yin Nigeria, ẹ ti ṣàṣejù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ló máa ń ṣe mí jù."

Tí ìyá rẹ̀ bá wá wò ó, á kọ́ òun náà. Ìyá arúgbó náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀, á pariwo "Ẹ káàárò!" sí mi nígbà tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, Ajóà á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Mo tún un ṣe títí ó fi sú mi.

Ní ọjọ́ Àtàláátà kan, lẹ́yìn ìrun àyílà, ètè Ajóà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Dókítà Tenten wá, ó gbé etí lé àyà rẹ̀, ó ní kò sí ohun tí wọ́n ń dúró dè mọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ là á ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò sí. Nígbà yẹn, ará ilé aláìsàn ló máa wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibi tó jìnnà. Ìyá rẹ̀ sáré padà sí Ayigya, ó ń wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ àwọn ọmọ tó ti jẹ fùfú rẹ̀ rí. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí tróótró, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, tó gbé wọn dé, oòrùn ti ń wọ̀. Dókítà Tenten ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Mo rí i tó fi ẹ̀yìn ti ògiri wọ́ọ̀dù wa, tó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú bí ẹni ń fọ ojú láìsí omi. Iná sì ń ṣe ségesège ní ìrọ́lẹ́ náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Wọ́n gbé Ajóà sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ìka mi mú.

"Mòrí," ó ní, "àárọ̀ yín ń sọ mí."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní, "Àárò ni."

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tì í lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yíjú sí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sì rí i pé wọ́n ti ká tìmùtìmù rẹ̀ kúrò. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún mi. Igbe ẹkún ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́ láti ọ̀nà ọgbà.

Mo sunkún débi tí nọ́ọ̀sì fi bínú sí mi, pé èmi náà ò lókun tí màá fi ṣòfò. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹ̀rù ara mi sì ń bà mí, mi ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Nígbà tí Dókítà Tenten dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ohun tí kì í ṣe. Ó ní tèmi náà ti tó àkókò.

"Fida anwummere," ó sọ fún ọkọ mi lédè Twi, ìyẹn ìrọ́lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. "Ẹ kó àwọn tó máa fún un lẹ́jẹ̀ wá kí ìrọ́lẹ́ yẹn tó dé."

Mo di aṣọ funfun rẹ̀ mú, mo ń fi Twi bẹ̀ ẹ́. "Dókítà, mepa wo kyɛw, ẹ má ṣe é ní ìrọ́lẹ́. Ìrọ́lẹ́ ni ti Ajóà."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìrọ́lẹ́ kò wu èmi náà. Ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ abẹ kan péré la ní, àwọn èèyàn ti kún un láti àárọ̀ Jímọ̀ títí di àlàásárì yín. Tí a bá fi àyè yìí sílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè fi ọkàn rẹ ṣeré dé ìgbà yẹn."

Mo kàn ń wo fèrèsé. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, àyà mi á máa já, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá mú.

Bàbá Ṣèfíù gba Dichemso lọ láti lọ jíṣẹ́ fún bàbá mi. Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí, Twi ló ń lá, Twi ló ń jẹ, ó kàn ń fi Yorùbá bo ohun tó ti rò lédè Twi ni. Ó ní, "Bàbá, dókítà ní alẹ́ Jímọ̀ ni. Kí àwọn tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀ wà níbẹ̀."

Bàbá mi, ẹni tí wọ́n bí ní Ìlọrin, ní, "Alẹ́ Jímọ̀. In ṣáà Allahu." Wọ́n jọ ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú gbọ́ yàtọ̀. Tí o bá jẹ́ mùsùlùmí, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́dọ̀ àwọn bàbá wa, alẹ́ ló máa ń ṣáájú ọ̀sán. Bí oòrùn Àlàmísì bá ti wọ̀, Jímọ̀ ti dé. Alẹ́ Jímọ̀ ni alẹ́ tí Jímọ̀ máa mọ́.

Báyìí ni bàbá mi ṣe kó àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ tó ti dàgbà, tó ti ní irùngbọ̀n àti ìyàwó, wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Àlàmísì, bí wọ́n ṣe kírun màgàríbà tán. Gbogbo wọn wọ jàlàbíà funfun. Ọkùnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ dání láti ti ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ní Zongo ló dàgbà sí, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wa díẹ̀díẹ̀.

"Kai, Málàm!" ó ní. "Ọ̀la ni wọ́n kọ síbí. Jímọ̀ ni."

"Jímọ̀ la wà yìí," ni bàbá mi dá a lóhùn.

"Haba! Àlàmísì ni òní."

"Àlàmísì ti bá oòrùn wọlé. Ìwọ jáde síta kí o wo ojú ọ̀run. Ṣé o rí oòrùn Àlàmísì kankan níbẹ̀?"

Bàbá Ṣèfíù dé lágbedeméjì àríyànjiyàn náà, ó sì káwọ́ lérí. Òun ló wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ń bẹ bàbá mi kí wọ́n kó àwọn èèyàn wọn padà sílé, kí wọ́n tún wá lọ́la. Bàbá mi kọ̀. Ó ní alfa tí kò mọ ọjọ́ Jímọ̀, kí ló tún kù tó mọ̀? Ọkùnrin náà wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò.

"Málàm," ó ní, "mi ò lè bá ọ jiyàn oòrùn. Ẹ ti wá ná. Ẹ na apá."

Wọ́n sì na apá. Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àtàláátà, lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tí ìtàn náà ìbá dùn mọ́ jù.

Wò ó, mi ò dé ìrọ́lẹ́ Jímọ̀ tí dókítà mú. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì ń pín tíì, ni nǹkan dì mí lọ́kàn mú bí ìgbà tí èèyàn bá fún aṣọ tó ti tutù. Àárọ̀, tí kì í já mi kulẹ̀, já mi kulẹ̀. Mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, ohùn kò jáde. Ife tíì tó bọ́ lọ́wọ́ mi ló pè é fún mi.

Dókítà Tenten ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọgbà ni. Ó dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ ṣì ń rùn sítáàṣì, ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn mi, ó wo ètè mi.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?" ó bi nọ́ọ̀sì.

"Ẹ̀jẹ̀ wà," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Àwọn Málàm mú un wá lánàá."

Ó dúró. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ sọ fún àwọn tó wà lórí ìlà pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Òun la máa kọ́kọ́ ṣe."

Mo rántí fèrèsé yàrá iṣẹ́ abẹ. Oòrùn àárọ̀ ti kún ibẹ̀, ó mọ́ sára ògiri, ó mọ́ sára ọwọ́ gbogbo àwọn tó yí mi ká, kò sì sí ẹni tó ń bẹ iná kó má lọ. Mo ka Fátíà, mi ò rántí pé mo kà á dé òpin. Nígbà tí mo lajú, àyà mi ń ta mí bí ẹni tí wọ́n fi iná jó, ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí omi ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n èémí wọlé. Ó wọlé, ó délẹ̀. Mo yí orí sí apá ibi tí bẹ́ẹ̀dì Ajóà wà, kí n lè sọ fún un. Obìnrin mìíràn ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ọsàn.

Kí ọgbẹ́ náà tó san, mo bi Dókítà Tenten ní ìbéèrè tó ń jẹ mí nínú. Mo ní ṣé ìrọ́lẹ́ ló pa Ajóà.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Tirẹ̀ le ju tìẹ lọ, ó lè jẹ́ pé tó bá jẹ́ àárọ̀ náà, kò ní yè. Ọkàn kò mọ aago. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ti mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú ní ọjọ́ yẹn."

Bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní kádàrá ni, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, àárọ̀ kì í gbà á sílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo sì tún gbà pẹ̀lú dókítà. Mi ò tíì rí ibi tí àwọn méjèèjì ti ta kora nínú ọ̀rọ̀ tèmi, nítorí pé bàbá mi kan náà, pẹ̀lú oríkunkun rẹ̀ lórí alẹ́ Jímọ̀, ni Ọlọ́hun fi pa àárọ̀ mọ́ fún mi.

Nítorí náà, ìwọ tí mò ń kọ̀wé sí, gbọ́ mi dáadáa. Má ṣe sọ pé Mòríámọ̀ ní kí o dúró de àárọ̀. Tó bá jẹ́ ìrọ́lẹ́ ló ká ọ mọ́, lọ ní ìrọ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n là ní alẹ́ tí wọ́n yè pọ̀, mo mọ àwọn kan nínú wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má fi àárọ̀ rẹ ṣòfò nígbà tí o ní in. Má jẹ́ kí ara yíyá tàn ọ́. Mu hàǹtú rẹ, kò sí ẹni tó ní kí o má mu ún, ṣùgbọ́n mu ún lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kí àwọn ẹbí rẹ sì lọ fún wọn lẹ́jẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè. Ẹ̀jẹ̀ tó tètè dé kò ní ìdààmú. Tí ẹ bá ń wá a nígbà tí oòrùn ń wọ̀, yóò fi ojú yín rí nǹkan.

Owó tó bá a lọ kò kéré. Bàbá Ṣèfíù ta rédíò ńlá tó fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Oògùn ikọ́ fée náà gùn, ó máa ń sọ ìtọ̀ di pupa, ẹ̀rù á bà ọ́ tí wọn kò bá sọ fún ọ ṣáájú. Má dá a dúró lágbedeméjì nítorí pé ara ti yá.

Ní báyìí, mo ń mí. Mo ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ohun kan kò sì tíì dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé. Mi ò lè gbé garawa omi tó kún, mo sì máa ń dúró sinmi tí mo bá ń gun òkè. Mi ò díbọ́n pé ìró ni mò ń tún ró mọ́. Àpá náà wà lábẹ́ ọmú mi òsì, ó máa ń yún mi tí ọyẹ́ bá dé. Mo ti padà sídìí ẹ̀rọ mi. Bàbá mi ti darúgbó, ó sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun nìkan ló mọ ọjọ́ ní ìlú Kumasi.

Ohun tí ara mi ti gbàgbé, ọkàn mi kò gbàgbé. Ọmọbìnrin tí mo bá gbé fún ìwọ̀nba àsìkò lórí bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi, àárò rẹ̀ kò fi mí sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ó kù díẹ̀ kó ní kíláàsì tirẹ̀. Mo máa ń rò ó bí ìbá ṣe kọ àárọ̀ sójú pátákó, táwọn ọmọ ìbá sì kígbe tẹ̀lé e, gbogbo wọn á ṣì í pọ̀.

Ìgbà gbogbo ni mo máa ń lọ sí Ayigya láti kí ìyá rẹ̀. Láàárọ̀ ni mo máa ń lọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé. Láìpẹ́ yìí, Ṣèfíù tẹ̀lé mi. Ó ti ga jù mí lọ, ilé-ìwé tó lọ ní Ìlọrin ti kọ́ ọ ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú rẹ̀. Ìyá arúgbó náà ń fọ asanka dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe rí mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ káàárò, Mòrí!"

Ṣèfíù rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi ní etí pé, "Ìyá, ẹ sọ fún wọn. Ẹ káàárọ̀ ni wọ́n ń wí."

"Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wí," mo dá a lóhùn. Mo kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà. "Ẹ káàárò, Maame."